Láti Ọ̀tà dé Èbúté Mẹ́ta: Yàrá Tí A Fọwọ́ Ara Wa Rẹ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a jáde kúrò ní agbo ilé wa ní Ọ̀tà. Ìyá ọkọ mi ló ṣíwájú, ó ru agbọ̀n kan tí ó fi ewé bò, ẹní mẹ́ta sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Èmi tẹ̀ lé e. Mo pọn Làmídì ọmọ mi ọkùnrin, mo ru ìkòkò àti àwo, Sítù ọmọ mi obìnrin, tí ó ń lọ sí ọdún márùn-ún, sì di etí ìró mi mú, ó ń fi oorun rìn. Àwọn tí ń lọ kírun àsùbáà pàdé wa lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ó dàbọ̀ o, ẹ bá wa kí Rájí." Ìyá dá gbogbo wọn lóhùn. Èmi kì í lè dá ènìyàn lóhùn bẹ́ẹ̀. Ojú máa ń tì mí, àní lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n bí mi sí àárín wọn. Mo kàn ń tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀ ni, kí ìkòkò má baà já bọ́ lórí mi.

Rájí ni ọkọ mi. Ó ń lagi ní ilé iṣẹ́ pákó kan létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta. Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn olówó ń kọ́lé, pákó ń tà, iṣẹ́ sì wà. Ibi tí òṣìṣẹ́ yóò sùn ni kò sí. Òjò ọdún méjì rọ̀ bá ọkọ mi lórí pákó tí ó ń sùn lé nínú ilé iṣẹ́ yẹn. Ìgbà tí ó bá wá sílé, Làmídì á figbe ta, á sá pamọ́ sẹ́yìn mi, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín náà bá tán. Nítorí náà, nígbà tí ó ránṣẹ́ pé òun ti rí yàrá kan, pé kí a máa kó bọ̀, n kò bèèrè nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí mọ bàbá rẹ̀. Nǹkan mìíràn kò sí tí mo ń wá lọ sí Èkó.

A fẹsẹ̀ rìn dé Sàngó, níbi tí àwọn lọ́rì tó ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ máa ń dúró. Oòrùn ti yọ kí a tó rí èyí tó ní àyè. Bọ̀lẹ̀kájà ni, lọ́rì tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀. Pátákó ni wọ́n ń jókòó lé nínú rẹ̀, orúnkún ẹni tó wà lápá ọ̀tún á sì máa gbá orúnkún ẹni tó wà lápá òsì títí wọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ṣílè kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Wọ́n gba sísì, ìdajì ṣílè, lórí Sítù, ọmọ tí mo gbé lé itan láti Sàngó títí a fi dé Èkó. Mo fẹ́ sọ pé ọmọ tí kò fìdí kan pátákó kò yẹ kó sanwó pátákó. Mo san sísì náà.

Nígbà tí awakọ̀ fẹ́ gbé agbọ̀n Ìyá sókè, ó wúwo fún un. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí ewé orí rẹ̀.

"Ìyá, kí nìyí?"

"Ilẹ̀ pupa ni, ọmọ mi. Àti ẹfun díẹ̀."

"Erùpẹ̀?" Ó yíjú sí àwọn èrò. "Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ń kó gaàrí lọ sí Èkó, wọ́n ń kó igi ìdáná lọ, màmá tèmi ń kó erùpẹ̀. Ṣé ilẹ̀ Èkó ti tán ni?"

"Iyanrìn ni tiyín," ni Ìyá wí. "Iyanrìn kì í di ara ògiri mú."

"Ó dáa. Ẹ san tọ́rọ́ fún erùpẹ̀."

"Tọ́rọ́? Lórí ohun tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ ní ilẹ̀ bàbá mi?"

"Ilẹ̀ bàbá yín ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n bàbá yín kọ́ ló ni lọ́rì."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá tú etí aṣọ rẹ̀, ó san kọ́bọ̀ mẹ́ta náà. Inú bí mi sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ju awakọ̀ náà lọ, nítorí méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin, wọ́n sì mọ ohun tí ilẹ̀ pupa wà fún.

Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ sí Èkó, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní agbo ilé wa, a kì í ta ibi tí ènìyàn yóò sùn. Bí àlejò bá dé tí kò ní ibùgbé, á mú obì wá bá olórí ilé, wọn á sì fi yàrá kan hàn án. Kí ó tó tẹ́ ẹní síbẹ̀, àwọn obìnrin rẹ̀ á po ilẹ̀ pupa mọ́ ẹlẹ́bọ̀tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, wọn á fi rẹ́ ilẹ̀ àti ògiri, wọn á sì fi ẹfun kun apá òkè. Ìyẹn ni ọpẹ́ wọn. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó gbẹ, olórí ilé á wá, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. Kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà náà lọ, yàrá ti di ti àlejò. Ẹnikẹ́ni kò lè lé e jáde mọ́, àfi bí ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà náà pupa, kòtò pọ̀ nínú rẹ̀. Títí a fi kọjá Agége, eruku ni a ń jẹ. Ẹ̀kọ mẹ́ta ni kọ́bọ̀ kan ń rà ní Sàngó. Ní Agége, níbi tí lọ́rì ti dúró kó apẹ̀rẹ̀ obì, méjì ni. Nígbà tí a dé Yábàá, ebi tún ń pa Sítù, mo na kọ́bọ̀ sí ẹlẹ́kọ, ó fún mi ní ẹyọ kan, ó sì tinrín tó bẹ́ẹ̀ tí Sítù fi yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wò ó bóyá ó kù síbì kan. Mo wo obìnrin náà. Ó ní, "Kí lẹ ń wò? Èmi náà ń san rẹ́ǹtì." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Rẹ́ǹtì ni owó tí ènìyàn ń san lóṣooṣù kí wọ́n má baà kó ẹrù rẹ̀ síta. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń dì í lé lórí ní Èkó. Ẹlẹ́kọ á gé ẹ̀kọ kù nítorí rẹ́ǹtì, alágbàfọ̀ á fi kọ́bọ̀ lé owó rẹ̀ nítorí rẹ́ǹtì, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì la ó sì san rẹ́ǹtì gbogbo wọn.

Ọkọ mi ń dúró dè wá lẹ́bàá títì ní Èbúté Mẹ́ta, ìyẹ́fun pákó wà nínú irun rẹ̀. Làmídì rí i, ó pariwo. Ọkọ mi ní, "Ó dáa, ó dáa, màá fi ọ́ sílẹ̀," ó sì lọ gbé agbọ̀n. Ó mú wa lọ sí ilé gígùn kan tí yàrá mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró kan láàárín tí òkùnkùn wà nínú rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà ní ìta fún gbogbo àdúgbò. Ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo wà lẹ́yìn fún gbogbo yàrá méjìlá.

Yàrá tiwa ni ìkẹta lápá òsì. Ilé ewúrẹ́ Bàbá Àgbà ní Ọ̀tà fẹ̀ jù ú lọ, mi ò fi ṣàwàdà. Òjò ti wọ ara ògiri rẹ̀, ó ti bó káàkiri, ilẹ̀ rẹ̀ ti di kòtò, àwọn èèrà sì ti ṣe ọ̀nà tiwọn gba ibẹ̀. Ṣílè méje àbọ̀ lóṣù ni. Ọkọ mi sọ pé òun ti san ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n ń pe èyí ní àdífáǹsì: owó oorun tí ènìyàn kò tíì sùn. Ó ní òun ti wá yàrá kiri láti Yábàá dé Ìdó, pé kò sí èyí tí owó òun ká àfi èyí.

"Nítorí bí ó ṣe bàjẹ́ ni wọ́n ṣe fún mi ní iye yẹn," ló wí. Ojú ń tì í níwájú ìyá rẹ̀.

Ìyá wo ògiri yíká. Ó ní, "A ó rẹ́ ẹ. Ṣé ilé nìyí tàbí kì í ṣe ilé?" Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ọkọ mi padà sí ibi iṣẹ́. Ìyá jókòó ti àwọn ọmọ, ó ń fọ́ ilẹ̀ pupa. Èmi lọ wá ẹlẹ́bọ̀tọ. Ní Ọ̀tà, ẹni tó ni màlúù á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ bí o bá kó o. Ọkùnrin tó ń tọ́jú màlúù ní ìdí ọ̀nà rélùwéè gba kọ́bọ̀ méjì lọ́wọ́ mi fún ìgbẹ́. Mo tún tò sídìí ẹ̀rọ fún omi, àwọn obìnrin sì ń fi garawa wọn ti tèmi sẹ́yìn, nítorí wọ́n rí i pé n kò lè jà. Nígbà tí mo fi dé, inú mi ti gbóná bí ààrò.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí ọwọ́ mi bá ti bọ inú ilẹ̀ pípò, ara mi á balẹ̀. A dí kòtò, a rẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ní ìlà roboto roboto bí Ìyá ti kọ́ mi, a rẹ́ ògiri, a sì fi ẹfun kun òkè rẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, Ìyá Dúpẹ́, ará Ìjẹ̀bú tó ń ránṣọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ọ̀tà. Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Ìyá ní, "Kò sẹ́ni tó rán wa. Ilé tí a ó gbé ni."

"Ilé láńlọ́ọ̀dù ni. Ẹ máa rọra."

Láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe ẹni tó nilé tó ń fi í gba owó. A kò ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà. Ìyá rò pé olórí ilé ni.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, láńlọ́ọ̀dù náà dé. Ó sanra, ó wọ agbádá tí kò dọ̀tí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìyá kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún ẹsẹ̀ ilé rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Àmín, àmín. Ẹ kú iṣẹ́. Ó dára gan-an." Ó jáde. Ìyá wò mí, ó ní, "Ìyàwó, tẹ́ ẹní. Ó ti parí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú akọ̀wé kan tó wọ ṣòkòtò funfun, tó sì de táì. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó ń nawọ́ sí yàrá wa bí ẹni tí ń ta aṣọ.

"Ẹ wo ilẹ̀ yẹn. Ẹ wo ògiri. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín. Ṣílè méjìlá ni yàrá yìí láti òní lọ. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, akọ̀wé yìí yóò gbà á."

Ìyá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Bàbá, ẹ ti gbọ́wọ́ lé e."

"Mo gbọ́wọ́ lé kí ni?"

"Ògiri. Lánàá. Ẹ ti gbọ́wọ́ lé ògiri."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ ni, màmá."

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ìyá jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, mo sì rí i pé ilẹ̀ pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àdúrà tí ó ṣe fún ọkùnrin yìí pọ̀ ju èyí tí ó ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Làmídì lọ.

Ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nígbà tí mo fún ọmọ yín, yàrá tó bàjẹ́ ni, mo sì gba owó yàrá tó bàjẹ́. Nísinsìnyí ó ti lẹ́wà. Ẹwà lówó."

"Àdífáǹsì tí ọkọ mi san ńkọ́?" Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Bí owó mìíràn bá wọlé, màá dá a padà fún un."

Mo mọ̀ pé bí ọkọ mi bá dé lálẹ́, yóò padà sórí pákó, àwa yóò sì wọ lọ́rì padà sí Ọ̀tà, Làmídì yóò sì máa dàgbà. Mo fẹ́ bú ọkùnrin náà. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ dé ẹnu mi, n kò sì lè sọ ẹyọ kan. Mo dìde. Garawa omi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé e, mo da omi náà sára ògiri láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹfun ń ṣàn wálẹ̀ bí omi ògì. Mo mú ọbẹ ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri náà. Òórùn ẹlẹ́bọ̀tọ tún jí. Ẹrẹ̀ ògiri ta sí ara ṣòkòtò akọ̀wé, akọ̀wé fò sẹ́yìn.

"Kí ló ń rùn báyìí?" ló bèèrè.

Ìyá wò mí. Lẹ́yìn náà ó mú ìgbákọ, ó kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́, ó sì ń wú u. Ìlà roboto roboto yẹn ni ó kọ́kọ́ wú. Sítù rò pé eré ni, ó mú ṣíbí tirẹ̀ wá.

"Obìnrin yìí, kí lò ń ṣe?" Ohùn láńlọ́ọ̀dù kò tutù mọ́. Àwọn ayálégbé ti ń jáde sí ọ̀nà tóóró náà.

N kò lè wo ojú rẹ̀. Ògiri ni mo kọjú sí, ògiri ni mo sì bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní ẹwà ló fi owó lé e. Ẹwà yẹn, àwa la rù ú wá láti Ọ̀tà, a sanwó rẹ̀ nínú lọ́rì. A ń kó o kúrò. Bí a bá kó o tán, yàrá ṣílè méje àbọ̀ yín á wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀."

"O fẹ́ ba ilé mi jẹ́?"

Ìyá Dúpẹ́ sọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Láńlọ́ọ̀dù, wọn ò ba nǹkan yín jẹ́. Èmi rí kòtò yẹn kí wọ́n tó dé. Ìkankan nínú kòtò yín kò sọnù."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan ní, "Ṣé kí n wá ran ìyàwó lọ́wọ́? Ọbẹ mi mú." Akọ̀wé náà ń fi aṣọ ìnujú nu ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní òun yóò tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.

Láńlọ́ọ̀dù dúró títí ògiri apá kan fi dà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó wò ó, ó wo àwọn ènìyàn tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣílè méje àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o. Ọjọ́ tí mo bá tún rí ẹfun lára ògiri yìí, méjìlá ni."

"A gbọ́, Bàbá," ni mo wí. N kò dáwọ́ dúró. Apá kejì ṣì kù, n kò sì fẹ́ kí ó gba ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkọ mi bá wa láàárín yàrá tó tutù, tí a ti gbá mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un tán, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. Ó ní, "Sàdíátù, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní èmi ni. A tẹ́ ẹní sórí kòtò. Làmídì sunkún sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sunkún ní òwúrọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ń yọ ìyẹ́fun pákó kúrò nínú irun bàbá rẹ̀, ó ń fi í sẹ́nu.

Ìyá ni kò lè dúró. Ó ní bí òun bá la ojú tí òun rí ògiri yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ awọ lára ènìyàn kan lójú òun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Dúpẹ́, mo sì bá Ìyá wọ lọ́rì padà sí Ọ̀tà, kí n lè kó ìyókù ẹrù wa. Ṣílè kan náà ni. A kọjá Agége. Níbẹ̀ ni Ìyá ti ní, "Èmi ni mo ní kí a rẹ́ ẹ." Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi." Ó ní òun mọ̀. Ó ní èyí ló ń bí òun nínú, pé ohun tó dára ni òun ṣe.

Ọ̀sán ni a dé. Àwọn obìnrin agbo ilé sáré jáde, wọ́n gbé ẹrù lórí wa, wọ́n ń bèèrè Rájí, wọ́n ń bèèrè ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé, "Ẹ rẹ́ ilé náà?"

Ìyá ní, "A rẹ́ ẹ."

"Olórí ilé gbọ́wọ́ lé e?"

"Ó gbọ́wọ́ lé e," ni Ìyá wí. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò purọ́, èmi kò sì là á yé wọn níbẹ̀, nítorí wọ́n pọ̀, ẹnu mi sì ti padà sí bó ti wà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju èyí lọ: ní Èkó, ènìyàn tálákà lè ní ilé, bí kò bá tún un ṣe. Lóòótọ́, ọkọ mi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ń fi ògiri sanwó rẹ̀. Mo lè rẹ́ ilé ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, Ìyá ló kọ́ mi, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá kí wa ní Èbúté Mẹ́ta, yàrá ìkẹta lápá òsì ni. Màá tẹ́ ẹní fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá jókòó.